Óòtì àárọ̀ tí a pèsè lálẹ́: èyí tó bá ilé kọ̀ọ̀kan mu, àti èso tó yẹ kó bá a rìn

Ilé Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa pèsè oúnjẹ àárọ̀ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá tó bá rẹ àgbàdo, tó lọ̀ ọ́, tó sẹ́ ẹ, ti ní ògì tí ilé máa mu fún ọjọ́ mélòó kan, bó bá sáà ti ń pààrọ̀ omi orí rẹ̀. Óòtì, tí ọ̀pọ̀ àgbà ṣì ń pè ní kúákà nítorí orúkọ Quaker tó wà lára agolo, kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìfaradà ògì. Ògì gbọ́dọ̀ kan, kíkan rẹ̀ ló sì ń dáàbò bò ó. Óòtì tí a fi mílíìkì rẹ, bó bá ti kan, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń yan nínú ọ̀nà márùn-ún tó wà nísàlẹ̀ yìí.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Iná ni ìbéèrè àkọ́kọ́. Adùn ń bọ̀ lẹ́yìn. Fíríjì tó tutù dé ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí iná rẹ̀ kò sì lọ mọ́jú, ló tó gbẹ́kẹ̀ lé fún mílíìkì tí a ti pò mọ́ óòtì. Bí iná bá lọ, tí ẹ kò sì ṣílẹ̀kùn fíríjì, òtútù rẹ̀ á dúró fún bíi wákàtí mẹ́rin. Lórí tábìlì, wákàtí méjì ni ààlà. Bí ooru bá ju ìwọ̀n 32 lọ, wákàtí kan péré.

Lẹ́yìn iná ni ìṣẹ́jú tí ẹ ní láàárọ̀, owó gáàsì, iye ọjọ́ tí oúnjẹ náà lè lò, àti ẹni tó máa jẹ ẹ́: ọmọ kékeré, àgbà tí eyín rẹ̀ ti dín, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tí ọgbẹ́ inú ń dà láàmú. Owó óòtì fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ọ̀nà kan sí èkejì. Gíráàmù 40 ni oúnjẹ àgbà kan, nítorí náà páálí gíráàmù 500 á bọ́ ẹnìkan fún àárọ̀ méjìlá. Mílíìkì, yógọ́ọ̀tì, oyin àti gáàsì ló ń gbé owó sókè.

Ẹ ka ara páálí kí ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n kọ rolled sí, abala rẹ̀ fẹ̀, ó sì nípọn. Èyí tí wọ́n kọ quick sí, wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́, wọ́n sì ti tẹ̀ ẹ́ tín-ín-rín. Steel-cut ni wóró tí wọ́n kàn fi irin gé, tí wọn kò tẹ̀ rárá. Wọ́n ti fi oru omi gbígbóná se méjì àkọ́kọ́ díẹ̀ nílé iṣẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ wọ́n. Ìdí nìyẹn tí a fi lè rẹ wọ́n jẹ láìgbé wọn kaná. Ẹ má fi steel-cut ṣe bẹ́ẹ̀: yóò máa ta kóró lẹ́nu bí ìrẹsì tí kò jinná.

Rírẹ mọ́jú nínú fíríjì

Èyí ló yá jù láàárọ̀, òun náà ló sì gbára lé iná jù. Fún ẹnìkan: óòtì rolled gíráàmù 40 (nǹkan bí ìdajì kọ́ọ̀pù), mílíìkì mílílítà 120, yógọ́ọ̀tì tí kò ní ṣúgà ṣíbí ńlá mẹ́ta, àti iyọ̀ tí orí ìka méjì lè mú. Ẹ pò ó nínú ike tó ní ìdérí tàbí ìgò ẹlẹ́nu gbàǹgbà. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún rò ó kí ẹ tó dé e. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń fo ìròpò kejì yìí. Òun ló fà á tí ìsàlẹ̀ ìgò fi máa ń dì gbagidi, tí omi sì ń léfòó lókè. Wákàtí mẹ́rin ló kéré jù, mẹ́jọ ló dára jù.

Bó bá jẹ́ quick lẹ ní, ẹ dín mílíìkì kù ní ṣíbí ńlá méjì, kí ẹ sì mọ̀ pé yóò rọ̀ bí ẹ̀kọ mímu. Ẹni tó fẹ́ nǹkan tí eyín lè bá ṣeré kò ní fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ ọdún méjì lè fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ọjọ́ mẹ́ta ni kó lò mọ. Bí ìdérí bá wú, tí omi inú rẹ̀ ń hó wóṣowóṣo, tàbí tí ó ń rùn bí ọtí, ẹ dà á nù, ẹ má tọ́ ọ wò.

Àléébù rẹ̀ tó kù ni títutù. Àgbàlagbà púpọ̀ kò gbà pé nǹkan tútù jẹ́ oúnjẹ àárọ̀, a ò sì lè dá wọn lẹ́bi. Ẹ lè dà á sínú ìkòkò kékeré kí ẹ fi iná jẹ́jẹ́ mú un lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ má da omi gbígbóná sínú ìgò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú fíríjì. Yóò là.

Fúláásìkì

Èyí kò nílò fíríjì, kò sì nílò kí a tan gáàsì láàárọ̀. Steel-cut ló yẹ ẹ́. Ẹ kọ́kọ́ da omi híhó kún fúláásìkì mílílítà 500, kí ẹ dé e fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí inú rẹ̀ gbóná, kí ẹ wá dà á nù. Ẹ da gíráàmù 80 óòtì sí i, iyọ̀ díẹ̀, àti omi tó ń hó kútúkútú mílílítà 400. Ẹ dé e pinpin, ẹ mì í, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ mọ́jú. Ènìyàn méjì ló máa jẹ ẹ́. Rolled kò nílò òru. Bí ẹ bá dà á sí fúláásìkì nígbà tí ẹ jí, ogún ìṣẹ́jú ti tó, ẹ ó sì ti wẹ̀ tán.

Mílíìkì kò gbọ́dọ̀ wọ fúláásìkì lóru. Irúgbìn kòkòrò àìfojúrí kan máa ń wà nínú wóró ọkà tí híhó omi kì í pa tán. Bí oúnjẹ bá lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tí kò gbóná dáadáa, irúgbìn náà á jí, inú rírun àti èébì ló sì ń mú wá. Ohun tó wà nínú fúláásìkì gbọ́dọ̀ ju ìwọ̀n 60 lọ títí di àárọ̀. Ẹni tí kò ní ohun ìwọn-ooru lè dán tirẹ̀ wò báyìí: kí ó da omi híhó kún un lálẹ́, kí ó da díẹ̀ sí ife láàárọ̀. Bí omi náà bá ń rú èéfín tó sì ń jó ni létè, fúláásìkì yẹn tó. Bí ẹ bá lè gbé e mu gbùùgbùù, tíì nìkan ni kí ẹ máa fi ṣe. Fúláásìkì tí a bu nǹkan dé ìdajì máa ń tètè tutù, nítorí náà ẹ má fi ti lítà méjì se oúnjẹ ẹnìkan.

Sísè sílẹ̀, kí a pín in

Gíráàmù 200 óòtì rolled, lítà kan omi, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Bí omi bá hó, ẹ da óòtì sí i, ẹ rò ó lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Oúnjẹ ènìyàn márùn-ún nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń ṣàṣìṣe ni títutù rẹ̀: wọ́n á fi ìkòkò sílẹ̀ lórí sítóòfù títí wọ́n fi sùn. Ẹ gbé ìkòkò náà sínú ọpọ́n omi tútù, ẹ máa rò ó, ẹ bù ú sínú ike kéékèèké, kí ó wọ fíríjì kí wákàtí méjì tó pé. Ọjọ́ mẹ́rin ni nínú fíríjì, oṣù méjì nínú fírísà.

Yóò dì bí ẹ̀kọ tútù, èyí kì í ṣe àmì pé ó bàjẹ́. Ẹ fi ṣíbí ńlá mẹ́ta mílíìkì tàbí omi gbé e kaná, ẹ fọ́ ọ pẹ̀lú ẹ̀yìn ṣíbí, kí ó gbóná jálẹ̀. Ó rọ àwọn ọmọ kéékèèké àti arúgbó lọ́rùn ju èyíkéyìí lọ. Gáàsì ló ń jẹ: ẹ tan iná lálẹ́, ẹ tún tan án láàárọ̀.

Yíyan bí àkàrà òyìnbó

Gíráàmù 180 óòtì rolled, mílíìkì mílílítà 480, ẹyin méjì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì tó pọ́n dáadáa tí a fọ́, ṣíbí tíì kan ìyẹ̀fun ìmú-àkàrà-wú (baking powder), iyọ̀ díẹ̀. Ẹ pò ó, ẹ dà á sínú abọ́ tí a fi òróró pa, ẹ yan án ní ìwọ̀n 180 fún ìṣẹ́jú 35 sí 40. Ẹni tí kò ní ófùnnù lè lo ìkòkò ńlá oníyanrìn lórí iná kékeré bí àwọn tó ń yan kéèkì nílé ṣe ń ṣe. Á gba ìṣẹ́jú bíi 50. Bí àárín rẹ̀ bá rin, èso olómi ló pọ̀ jù, tàbí wọ́n gé e kó tó tutù fún ogún ìṣẹ́jú. Òun ló wọ́n jù nínú márààrún, nítorí ẹyin àti iná. Ṣùgbọ́n a lè gé e sí mẹ́fà, kí a dì í fún ọmọ ilé ìwé, kò sì sí ṣíbí tí wọn ó sọ nù lọ́hùn-ún. Láìsí fíríjì, ọjọ́ tí a yan án ni kó tán.

Àpò gbígbẹ

Ẹ yan óòtì nínú páànù gbígbẹ lórí iná kékeré fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́fà, kí òórùn rẹ̀ jáde, kí ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Fún oúnjẹ kan: gíráàmù 40 óòtì, ṣíbí ńlá mẹ́ta mílíìkì oníyẹ̀fun, dábínù mẹ́rin tí a ti yọ kóró rẹ̀ tí a sì gé, ṣíbí ńlá kan ẹ̀pà sísun tí a fọ́, àgbọn gbígbẹ díẹ̀, iyọ̀. Ẹ di i sí ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Láàárọ̀, ẹ da omi híhó mílílítà 200 lé e, ẹ dé e: ìṣẹ́jú márùn-ún fún quick, mẹ́wàá fún rolled.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lè lò láìsí iná rárá. Bó bá máa bàjẹ́, ẹ̀pà ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, á máa korò bí òróró àtijọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ pa ẹ̀pà mọ́ lọ́tọ̀. Oyin kì í wọ inú rẹ̀, nítorí yóò so ó pọ̀ bí òkúta (ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ jẹ oyin rárá, lọ́nà yòówù). Bí kòkòrò bá ń yọ yín lẹ́nu nínú óòtì, ẹ kó páálí tuntun sínú fírísà fún ọjọ́ mẹ́rin nígbà tí ẹ bá ti ọjà dé. Nínú ilé tí iná rẹ̀ kò dá ni lójú, ọ̀nà yìí là á kọ́kọ́ mú, kí a tó máa sọ̀rọ̀ nípa èyí tó kù.

Èso tó yẹ kó bá a rìn

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ápù ti sú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn èso tí ọjà wa ní, tí ẹnikẹ́ni kì í sáà fi sínú óòtì, ló yẹ ká gbé yẹ̀wò. Òfin kan ṣáájú wọn: èso tó bá kan kì í bá mílíìkì sùn. Yóò mú mílíìkì dì wóróworo. Ọ̀pẹ̀yìnbó tún burú jù bẹ́ẹ̀, nítorí nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ àmúaradàgbà mílíìkì; tó bá bá yógọ́ọ̀tì mọ́jú, óòtì yín á korò. Ẹ fi sí i láàárọ̀, tàbí kí ẹ gbé e kaná kí ó hó fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí ó sì tutù, kí ẹ tó lò ó.

Àgbálùmọ̀ wà láti nǹkan bí oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹrin. Kò wọ́n lásìkò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní iṣẹ́. Oje funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ ètè àti ọ̀bẹ. Ẹ fi òróró pa ọ̀bẹ kí ẹ tó là á. Ẹ fún un, ẹ kó ẹran ara tó yí kóró ká, ẹ fi èèpo sílẹ̀. Bí ẹ bá fi èèpo sínú ẹ̀rọ ìlọ̀, tàbí tí ẹ sè é, ó lè di gọ́ọ̀mù. Méjì sí mẹ́ta tó fún abọ́ kan, lórí óòtì, láàárọ̀ nìkan. Ó bá ti fúláásìkì mu gan-an, nítorí omi ni a fi ṣe ìyẹn. Oyin díẹ̀ á bá kíkan rẹ̀ jà.

Awin ni èso tó rọrùn láti tọ́jú jù nínú gbogbo wọn, nítorí gbígbẹ ló ń bọ̀ láti orí igi. Nínú èèpo dúdú rẹ̀ ó lè dúró fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹ má da wóró rẹ̀ sínú óòtì, ó le tó láti fọ́ eyín, ọmọdé sì lè há a sọ́fun. Ẹ bó ìkúnwọ́ méjì, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lọ́wọ́ọ́wọ́ mílílítà 200 fún ìdajì wákàtí, ẹ fi ọwọ́ pò ó, ẹ sẹ́ ẹ. Omi aláwọ̀ ọsàn tó jáde, tó kan tó sì dùn, lè rọ́pò ìdajì omi tí ẹ fẹ́ fi rẹ óòtì tí kò ní mílíìkì.

Ìyeyè jẹ́ ti ìgbà òjò. Kóró rẹ̀ ló gba inú rẹ̀ jù, nítorí náà abọ́ kan kò tó nǹkan. Ẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, pàápàá èyí tó bọ́ sílẹ̀, nítorí ìdin fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ fi omi díẹ̀ sè é fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ, ẹ fi oyin tàbí ṣúgà sí i. Ọbẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè yìí lè lo ọjọ́ márùn-ún nínú fíríjì, ó sì dára lórí èyí tí a yan. Àwọn ará Brazil mọ èso yìí sí cajá, wọ́n ń ta ẹran ara rẹ̀ ní dídì nínú ike. Ní Cuba, jobo ni. Ẹni tó bá wà lọ́hùn-ún kò ní làálàá kóró.

Soursop ni èyí tó bá yógọ́ọ̀tì mu jù, nítorí ó ní adùn, kíkan rẹ̀ kò sì le. Ẹ ra èyí tó le díẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta títí ìka á fi lè tẹ̀ ẹ́ wọlé. Láti ìgbà náà ọjọ́ kan ló kù; bí ẹ kò bá lè jẹ ẹ́ tán, ẹ yọ kóró rẹ̀, ẹ kó o sínú fírísà. Ọwọ́ ni kí ẹ fi yọ kóró. Kóró soursop ní májèlé nínú, kò gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀rọ ìlọ̀. Graviola ni wọ́n ń pè é ní Brazil, guanábana ní Cuba àti nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Gúúsù Amẹ́ríkà ní Amẹ́ríkà.

Ìyẹ̀fun inú èso oṣè (baobab), igi ńlá tí ìdí rẹ̀ tóbi yẹn, ni àwọn ará Yúróòpù gbà wọlé gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ tuntun ní 2008, nítorí náà ẹni tó wà ní Britain lè rí i rà nínú ike. Ṣíbí tíì méjì nínú àpò gbígbẹ tó: ó kan díẹ̀, ó sì ń mú óòtì ki. Òun nìkan nínú àwọn èso yìí ni a lè dì mọ́ àpò gbígbẹ láìṣe nǹkan kan sí i.

Àgbáyun yàtọ̀ sí gbogbo wọn, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní miraculin ló ń lẹ̀ mọ́ ahọ́n, tó ń sọ kíkan di adùn fún ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má pò ó mọ́ óòtì, ẹ má sè é, iná ń pa agbára rẹ̀. Ẹ jẹ ọ̀kan, ẹ fi ahọ́n yí i ká ẹnu fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Fún ẹni tó ní àtọ̀gbẹ tó fẹ́ràn àgbálùmọ̀ tàbí yógọ́ọ̀tì láìsí ṣúgà, kò sí èyí tó dà bí i. Ṣùgbọ́n kíkan náà ṣì wà níbẹ̀, ahọ́n nìkan la tàn: ọgbẹ́ inú àti eyín ṣì máa gbà á. Ewu kan tún wà tí wọn kì í sábà rántí: óòtì tó ti bàjẹ́ tó sì kan, dídùn ni ẹni tó jẹ àgbáyun máa gbọ́ ọ.

Ta ni kó mú èwo?

Ẹni tí fíríjì rẹ̀ dá a lójú, tó ń jáde nílé ní agogo márùn-ún kí ọ̀nà Èkó tó dí, kó rẹ ẹ́ mọ́jú pẹ̀lú yógọ́ọ̀tì, kó sì gbé soursop tí a ti yọ kóró rẹ̀ lé e láàárọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé yàrá kan, tí kẹ́tùlù oníná nìkan ló ní, kó di àpò gbígbẹ méje lọ́jọ́ Àìkú. Ilé tó ní arúgbó àti ọmọ ọwọ́ tó ti ń jẹun kó sè é sílẹ̀, kí wọ́n lọ̀ ọ́ fún ọmọ náà bó bá yẹ. Kí wọ́n fi awin àti àgbálùmọ̀ jìnnà sí i, ìyẹ̀fun oṣè díẹ̀ ti tó. Ẹni tó fẹ́ gbígbóná tí kò fẹ́ tan gáàsì láàárọ̀, fúláásìkì ni tirẹ̀, bí fúláásìkì náà bá yege ìdánwò. Ìyá tó ní ọmọ ilé ìwé mẹ́ta àti ófùnnù kó yan án lálẹ́ Ọjọ́ Àìkú àti Ọjọ́rú. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kó lo rolled tàbí steel-cut dípò quick, kó fi dábínù àti oyin sílẹ̀. Tó bá sì fẹ́ lo àgbáyun, kó kọ́kọ́ ṣí ike, kó gbóòórùn óòtì rẹ̀, kó tọ́ ọ wò, kó tó fi àgbáyun sẹ́nu.